Àwọn Àgbọ̀nrín Ọkọ Mi

Kí a tó kó wá sí Dagenham, Peckham là ń gbé, nínú yàrá kan tí ọ̀rinrin ti sọ ògiri rẹ̀ di dúdú. Iṣẹ́ sikiọ́ríìtì ni ọkọ mi ń ṣe nígbà náà, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ńlá kan. Á dúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, ẹnikẹ́ni ò ní bá a sọ̀rọ̀ àfi ẹni tó bá fẹ́ béèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ọkùnrin tí mo fẹ́ nílé kì í ṣe ẹni tó lè dúró lójú kan. Òkè-Ògùn ni wọ́n bí i sí. Ìtọ́jú ẹran ló kọ́ nílé ìwé, òun náà ló sì ń ṣe fún ìjọba kí a tó rìnrìn àjò. Orí ọ̀kadà ló máa ń wà láti abúlé dé abúlé, tó ń gún màlúù àwọn Fúlàní lábẹ́rẹ́. Tó bá wọlé, òórùn màlúù á ti gba ara rẹ̀ kan, inú rẹ̀ á sì dùn.

Nítorí náà, nígbà tí a rí ilé sí ẹ̀gbẹ́ Parsloes Park, tí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ fún un pé bàbá òyìnbó kan tó ń sin àgbọ̀nrín ní ìgbèríko Essex, lẹ́yìn Upminster, ń wá ẹni tó máa bá òun tọ́jú wọn, mo mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Àgbọ̀nrín kẹ̀? Ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n ń sìn bí ewúrẹ́?"

"Wọ́n ń sìn ín o. Wáyà gíga ni wọ́n fi yí wọn ká. Wọ́n ń jẹ koríko, wọ́n ń bímọ, wọ́n sì ń pa wọ́n tà bí àgùntàn."

"Ọdẹ sì ni bàbá yín. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ wọn ń gbé oúnjẹ fún àgbọ̀nrín, kí ni wọ́n máa wí?"

"Bàbá mi á ní kí n má gbàgbé láti mú itan kan bọ̀," ó dáhùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ yẹn.

A ra ọkọ̀ àlòkù kékeré kan, òun ló ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Á ti jáde kí ọmọ wa obìnrin tó jí, á sì dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú bàtà rọ́bà tí ẹrẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀. Mo ní bàtà yẹn ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Á bọ́ ọ síbẹ̀, á fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá, á jókòó sídìí tábìlì, á bẹ̀rẹ̀ ìròyìn. Ọkùnrin tí kì í fọhùn ní Peckham, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ mọ́.

Bàbá olóko là ń pe ọ̀gá rẹ̀ nílé wa. Ó ti dàgbà, ó ga, ó gbẹ, ìyàwó rẹ̀ ti kú, etí rẹ̀ kan ò sì gbọ́ràn mọ́. Òun náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkọ mi ní àwọn méjèèjì lè fi gbogbo òwúrọ̀ tún wáyà ṣe láìla ẹnu, tí ara á sì tu àwọn. Tó bá di ọjọ́ Kérésìmesì, Bàbá olóko á fi ẹran ránṣẹ́ sí wa. Mo fi ata rodo àti àlùbọ́sà sè é, ó sì dùn, àmọ́ ọkọ mi ò fẹnu kàn án rí. Ó ní òun mọ ojú wọn.

Lóòótọ́ ló mọ̀ wọ́n. Àgbọ̀nrín kì í sún mọ́ èèyàn bọ̀rọ̀. Ó gbà á lóṣù púpọ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ àárín àwọn. Èdè wa ló fi ń pè wọ́n. Tó bá ti gbé garawa oúnjẹ dé ẹnu géètì, á na ohùn sókè pé, "Ẹ wá jẹun o! Ẹ wá jẹun!" Wọ́n á na etí sókè, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á sì máa sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kékeré ibẹ̀, àwọn abo níwájú, ọ̀kan tí etí rẹ̀ ya ló máa ń ṣáájú wọn, àwọn ọmọ lẹ́yìn. Ó mú èmi àti ọmọ wa lọ síbẹ̀ nígbà sọ́mà kan, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bí. Ó fà wá lọ́wọ́ lọ sí ìdí ewé kan tó ń jó ara bí èsìsì, ó tọ́ka sílẹ̀. N ò rí nǹkan kan. Ó tún tọ́ka. Ìgbà náà ni mo rí ojú dúdú kan tó ń wò wá. Ọmọ àgbọ̀nrín ni, tó ní tótòtó funfun lára, tó ká jọ sínú ewé, tí kò mira rárá. Ó ní ìyá rẹ̀ ló fi pa mọ́ síbẹ̀, pé tí a bá ti kúrò níbẹ̀ ló máa wá fún un lọ́mú. Ọmọ wa ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a fi padà dé ìdí ọkọ̀.

Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ikú wọn pọ̀. Mo ti rò pé ẹran ìgbẹ́ á lágbára ju ẹran ilé lọ. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Lóṣù Nọ̀fẹ́ńbà, tí àwọn òyìnbó bá ń yin báńgà, ẹ̀rù á ba àgbọ̀nrín, á sáré lu wáyà, ọrùn á ṣẹ́. Òmíràn gbé okùn ike mì, ó di ìfun rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lẹ́nu ọmú tún ló burú jù: tí òjò àti òtútù bá dé bá wọn nínú ìbànújẹ́ ìyá tí wọn ò rí mọ́, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, ara wọn á gbẹ, ó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti kú. Aràn tún wà tó ń gbé inú ẹ̀dọ̀fóró. Gbogbo rẹ̀ ló máa ń sọ fún mi bí mo ṣe ń bu ọbẹ̀, tí màá sì máa sọ pé, "Dádì, ẹ jẹ́ ká jẹun ná."

Ohun tó ń dùn ún jù ni pé wọn kì í fi àìsàn hàn. "Ewúrẹ́ á ké," ó máa ń wí, "àgùntàn á dùbúlẹ̀. Àgbọ̀nrín á dúró láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, á máa ṣe bíi pé kò sí nǹkan. Ìgbà tí o bá fi máa rí i tó dá dúró lápá kan, ó ti ń kú lọ."

Lẹ́yìn tó ti lo bí ọdún méjì níbẹ̀, Bàbá olóko ra akọ kan láti apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ yìí. Ẹran ńlá ni, ìwo rẹ̀ dà bí ẹ̀ka igi. Bàbá olóko tí kì í fi ayọ̀ hàn wá ń dúró sídìí wáyà ní ìrọ̀lẹ́, tó ń wò ó. Ọkọ mi ya fọ́tò rẹ̀ wá sílé. Kò sí ẹni tó rí àléébù kan lára rẹ̀.

Nígbà wíńtà tó tẹ̀ lé e, abo àgbà kan nínú agbo bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Kókó kan yọ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó ń tóbi sí i, ó sì tú. Ọkọ mi àti Bàbá olóko mú un wọ inú ahéré kan tí wọ́n tẹ́ koríko gbígbẹ sí. Dókítà ẹran wá wò ó, ó ní ó jọ pé ẹ̀gún ló gún un lẹ́nu, ó fún wọn lóògùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi náà rò. Ojoojúmọ́ ló ń fọ egbò náà fún un. Ó ń wọ ìbọ̀wọ́, ṣùgbọ́n kò bo imú. Ẹran náà ń wúkọ́ sí i lójú, ọkọ mi á fi apá aṣọ nu ojú, á sì máa bá a sọ̀rọ̀. "Ìyá àgbà," ló ń pè é. Nígbà tó kú, ọkọ mi ò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Dókítà ẹran ní kí wọ́n gbé òkú náà lọ fún àyẹ̀wò, torí rírù rẹ̀ ò yé òun. Lọ́jọ́ tí èsì dé, ọkọ mi ò bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó dúró síbẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn gíláàsì, ó ń wò mí.

"Ẹ wọlé, òtútù ń wọlé," ni mo ní.

"Ikọ́ fée ni," ó dáhùn. "Wọ́n la àyà rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kún fún kókó, ohun tó wà nínú kókó náà funfun, ó dì bíi wàrà."

"Ikọ́ fée? Èyí tó ń mú èèyàn?"

"Ti màlúù ni. Mo mọ̀ ọ́n nílé. N ò mọ̀ pé mo tún máa bá a pàdé níbí." Ó wá sọ pé, "Ó máa ń mú èèyàn pẹ̀lú, àmọ́ kò wọ́pọ̀." Ó yára sọ èyí tó kẹ́yìn yẹn.

Àwọn ará ìjọba ti oko náà pa. Ẹran kankan ò gbọdọ̀ wọlé, ọ̀kan ò sì gbọdọ̀ jáde. Wọ́n ní wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò fún gbogbo agbo. Ọkọ mi ló ń kó wọn wọ inú ahéré, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fá irun ọrùn wọn, wọ́n á gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n á tún padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta láti wo ibi tó bá wú. Àgbọ̀nrín ò fẹ́ kí wọ́n di òun mú. Ọ̀dọ́ abo kan fò sókè nínú àhámọ́ yẹn, ó subú, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́. Kò sí ikọ́ kankan lára rẹ̀. Ọkọ mi sọ fún mi pé òun di orí rẹ̀ mú títí ọ̀rọ̀ fi parí. Àwọn tí ọrùn wọn wú ni wọ́n kọ́kọ́ pa, akọ ńlá ọjọ́sí sì wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n là á, wọ́n ní ọdún pípẹ́ ni àìsàn náà ti wà nínú rẹ̀, pé ó gbé e wá láti ibi tí wọ́n ti rà á ni.

"Ọwọ́ mi ni mo fi mú un wọlé," ni Bàbá olóko ń tẹnu mọ́. "Ọwọ́ mi yìí."

Wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe, àwọn mìíràn tún wú. Bí wọ́n ṣe ń dín kù nìyẹn.

Gbogbo àkókò yẹn ni ọkọ mi ń wúkọ́. Mo rò pé òtútù ni. Ikọ́ ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní wíńtà ní ìlú yìí, ọmọ wa ń wúkọ́, àwọn arúgbó tí mo ń tọ́jú nílé ìtọ́jú lápá Beam Park ń wúkọ́. Mo po oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ṣòkòtò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, ó fi ìṣó lu ihò mìíràn sára bẹ́líìtì rẹ̀. Láàárọ̀, tí mo bá ń tẹ́ ibùsùn, ìrọ̀rí rẹ̀ á tutù fún òógùn. Lọ́jọ́ kan tó ń ki bàtà bọ ẹsẹ̀, ó wúkọ́, ó sì yára ká ìnujú rẹ̀ sínú ọwọ́.

"Ẹ fún mi kí n rí i."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Dádì, ẹ fún mi."

Kò fún mi. Mo fi ọwọ́ ara mi tú ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni, kò ju orí ìṣáná lọ. "Ṣé ẹ fẹ́ máa fi pamọ́ bíi ti àwọn ẹran yín ni? Ṣé ìgbà tí ẹ bá dá dúró lápá kan ni kí n tó mọ̀?"

Ó wo ilẹ̀. "Wọ́n ṣì ku díẹ̀," ó ní. "Tí n bá lọ sílé ìwòsàn, ta ló máa tọ́jú wọn?"

Ọmọ wa wà lórí àkàsọ̀, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òun ló sọ̀ kalẹ̀ tó gbé fóònù, tó fi èdè òyìnbó rẹ̀ tó já gaara bẹ àwọn ará ọ́fíìsì dókítà pé kí wọ́n rí bàbá òun lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n rí i. Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, wọ́n gba itọ́ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, nọ́ọ̀sì ikọ́ fée ti jókòó sí pálọ̀ wa. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó bi ọkọ mi nípa ilé, nípa àwọn tí a jọ ń gbé, ó wá béèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe.

"Àgbọ̀nrín ni mò ń sìn," ó ní.

Nọ́ọ̀sì náà gbé ojú sókè. "Àgbọ̀nrín?"

"Ikọ́ fée wà lára wọn."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àwọn aṣàyẹ̀wò sọ pé kòkòrò kan náà ni, èyí tó wà nínú ẹran yẹn gan-an ló wà nínú rẹ̀.

Àmọ́ lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wá ni wọ́n ti ní kó dá wà nínú yàrá kan fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, títí oògùn á fi dín agbára kòkòrò náà kù, kó má baà kó o ran ẹlòmíràn. Yàrá òkè tó kọjú sí pákì la fi í sí, a ṣí fèrèsé sílẹ̀ nínú òtútù yẹn. Mo ń gbé abọ́ oúnjẹ sẹ́nu ilẹ̀kùn, màá kàn án, màá sọ̀ kalẹ̀. Lọ́sàn-án, tí ọmọ wa bá dé láti ilé ìwé, á jókòó sórí àkàsọ̀ òkè pátápátá, á máa bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, òun ń sọ òyìnbó, bàbá ń dá a lóhùn ní Yorùbá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Wọ́n yẹ èmi àti ọmọ náà wò. Wọ́n ní kí n má lọ síbi iṣẹ́ títí èsì á fi dé, torí àwọn arúgbó. Ti èmi mọ́. Ti ọmọ wa ò mọ́. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé kì í ṣe pé ó ń ṣàìsàn, pé kòkòrò náà ti wọ ara rẹ̀ ó sì sùn síbẹ̀, pé tó bá lo oògùn fún oṣù mẹ́ta, kò ní jí. Ó dá mi lójú pé òótọ́ ló ń sọ. Àmọ́ nígbà tí mo lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá òkè tí mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, mo gbọ́ tó dìde. Mo pè é. Mo tún pè é. Nígbà tó pẹ́, mo gbọ́ tí ibùsùn dún, bíi pé ẹni tó dìde dúró ti tún jókòó padà.

"Nínú ara rẹ̀?" ó béèrè. "Ọmọ yẹn?"

"Wọ́n ní ó máa lọ."

"Àárọ̀ ni mo máa ń gbá a mọ́ra kí n tó jáde," ó ní. "Ó máa ń sùn lọ́wọ́."

Ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, gbọ́. Wọ́n gbàdúrà fún wa, n ò lè purọ́ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà wọ́n. Àwọn tó máa ń yà sílé wa lẹ́yìn ìsìn ò yà mọ́. Ẹnì kan ránṣẹ́ sí mi pé àgbọ̀nrín kì í ṣe ẹran lásán, pé kí ọkọ mi wá ronú sí ohun tí bàbá rẹ̀ ti pa nínú igbó. Mo pa á rẹ́. Ìyá kan ṣoṣo ló wá, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ń gbé lápá Alibon. Ó gbé ìkọ́kọrẹ́ wá nínú ike, ó sì ń kan ilẹ̀kùn bíi pé ilé ń jó.

"Mọ́mì, ẹ má wọlé o," mo ní, "wọ́n ní—"

"Sún sẹ́yìn jàre, ọmọ mi. Ikọ́ fée? Èmi ti ní in rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n gbé mi sí ilé ìwòsàn àwọn ìjọ òyìnbó, ìyá mi ń wò mí láti ojú fèrèsé. Ṣé o rí mi? Ṣé mo kú?"

Ó jókòó sí kíṣìnnì mi títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ó ń pariwo sókè sí ọkọ mi láti ìsàlẹ̀ pé kó jẹ ìkọ́kọrẹ́ náà tán o, pé òun fi ẹja gbígbẹ tó dára sí i. Ìyẹn nìkan ni ẹ̀rín tó wọ ilé wa lóṣù yẹn.

Ìgbà tí ọkọ mi ṣì wà nínú yàrá náà ni Bàbá olóko pè. Òun àti àwọn ará ìjọba ti jọ sọ ọ́. Àyẹ̀wò kan ń tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n ń rí i nínú ẹran tuntun nígbà gbogbo, kò sì sí oògùn tí wọ́n ń fún àgbọ̀nrín fún un. Wọ́n fẹ́ pa gbogbo èyí tó kù. Wọ́n ní àwọn ayìnbọn máa wá sínú oko fúnra wọn, kí wọ́n má baà tún kó wọn wọ ahéré. Ọkọ mi bẹ nọ́ọ̀sì pé kó jẹ́ kí òun lọ, kí òun dúró lójú òde lásán. Nọ́ọ̀sì ní kò tíì tó àkókò. Lọ́jọ́ tí àwọn ayìnbọn wá, ọkọ mi jókòó sójú fèrèsé láti àárọ̀. Ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù nínú pákì, ajá ń sáré. Mo gbé tíì sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo tún gbé e kúrò nígbà tó tutù.

Lẹ́yìn tí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ láti jáde láàárín èèyàn, Bàbá olóko wá sílé wa. Kò tíì dé Dagenham rí. Ọkọ̀ ojú irin ló wọ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀, ó wọ kóòtù àti táì bí ẹni tó ń lọ síbi òkú. Gbogbo ilé àdúgbò wa ló jọra wọn, ó ní òun ti kan ilẹ̀kùn aládùúgbò wa méjì. Mo gbé àga fún un ní kíṣìnnì. Ó mú tíì rẹ̀ láìsí mílíìkì, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ti gbẹ sí i.

"Sọ ọ́ fún mi," ni ọkọ mi ní.

"Ṣé o fẹ́ gbọ́ ọ lóòótọ́?"

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Bàbá olóko gbé ife sílẹ̀. Ó ní àwọn ayìnbọn dé láàárọ̀ kùtù, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbọ̀nrín gbóòórùn àlejò, gbogbo wọn gun orí òkè lọ, wọ́n kóra jọ síbi odi, wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé garawa, ó mì ín, wọn ò dáhùn. Àwọn ayìnbọn ní tí wọ́n bá yìnbọn láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, àwọn kan lè fara gbọgbẹ́, kí wọ́n sì jẹ̀rora.

"Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe," ni Bàbá olóko wí. "Mo bá pè wọ́n bí o ṣe máa ń pè wọ́n."

Ọkọ mi wò ó lójú.

"Mi ò lè pè é dáadáa," bàbá náà ń bá a lọ. Ó wá wí i sókè díẹ̀ nínú kíṣìnnì wa, pẹ̀lú ohùn òyìnbó rẹ̀ tó wó gbogbo àmì ohùn ọ̀rọ̀ náà: *Ẹ wá jẹun o.* "Mo pè é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé etí sókè. Mo tún pè é. Wọ́n wá. Gbogbo wọn ló wá. Èyí tí etí rẹ̀ ya ló ṣáájú. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ ni. Ó yá kíá. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ó yá kíá, àti pé ẹ̀rù ò bà wọ́n."

Lẹ́yìn ìyẹn ni omi bọ́ lójú ọkọ mi. Ó fa bébà ìnuwọ́ kan ya, ó fi nu ojú, bébà náà sì pọ́n bí ẹni fi epo pupa kàn án. Bàbá olóko rí i, ó fẹ́ dìde, ẹ̀rù bà á.

"Oògùn ni, sà," mo sáré wí. "Oògùn tó ń lò ló ń sọ gbogbo omi ara rẹ̀ di pupa. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀."

Ó jókòó padà. Ó na ọwọ́ rẹ̀ gígùn kọjá lórí tábìlì, ó di ọwọ́ ọkọ mi mú. N ò rí i rí kí òyìnbó àgbàlagbà di ọwọ́ ọkùnrin mú bẹ́ẹ̀. Mo jáde lọ sẹ́yìn ilé, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn aṣọ, ó ṣe díẹ̀ kí n tó padà wọlé. Nígbà tí Bàbá olóko fẹ́ lọ, ó ní òun fẹ́ rí ọmọ wa. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ọmọ náà ò mọ ìdí tó fi ń bẹ òun, ó wò mí lójú, ó wá ní kò burú.

Oṣù mẹ́sàn-án ni ọkọ mi fi lo oògùn náà. Inú ń rú u, oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu, oríkèé ara ń ro ó. Ọmọ wa parí tirẹ̀ ṣáájú, kò fi ọjọ́ kankan jẹ, á gbé oògùn mì pẹ̀lú omi kí ó tó lọ sílé ìwé láìwí nǹkan kan. Ní òpin rẹ̀, wọ́n tún ya fọ́tò àyà ọkọ mi. Dókítà fi àpá tó kù hàn wá, ó ní àpá lásán ni, pé ó ti sàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì ń dúpẹ́ di òní. Ọkọ mi dúpẹ́ pẹ̀lú, ó sì béèrè bóyá òun lè lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó ti ríṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan létí odò nígbà yẹn, ó ń to páálí.

A lọ sí oko náà lẹ́ẹ̀kan kí Bàbá olóko tó tà á. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti wá mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ lókè àríwá, ìtàkùn tó gun ara ilé nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà. Koríko ti ga dé ìbàdí mi, torí kò sí ẹnu tó ń jẹ ẹ́ mọ́. Ọkọ mi rìn yí wáyà náà ká láìyára. Ibi tó ti tú díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ padà pẹ̀lú ọwọ́ lásán, ó fà á wò bóyá ó le, ó sì kọjá sí ibòmíràn. Nígbà tó parí, a wọ ọkọ̀.

Bàbá olóko máa ń pè wá ní ọjọ́ Àìkú. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń bá wa sọ̀rọ̀, ó ní bàbá ń sùn. Nígbà tó tún yá, kò pè mọ́, nọ́ńbà náà ò sì lọ mọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ó ti kú, ṣùgbọ́n ọkọ mi ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà òkú ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọkọ mi ti bọ̀ sípò díẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀ ti padà sí ihò àtijọ́. Kì í ròyìn iṣẹ́ fún mi nídìí oúnjẹ, torí kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ sọ nípa páálí. Tó bá di àárọ̀ tí ó ń múra, nígbà míì ó máa ń wúkọ́. Ọ̀bẹ á dúró lọ́wọ́ mi lórí búrẹ́dì. Màá gbọ́ tí ẹsẹ̀ ọmọ wa dúró lórí àkàsọ̀. Ọkọ mi náà mọ̀ pé a dúró, nítorí á pariwo sọ̀ kalẹ̀ sí wa pé, "Omi ló gba ọ̀nà òdì o, omi lásán ni." Àwa méjèèjì á wí pé a gbọ́. Ọmọ á sọ̀ kalẹ̀, á wá jẹun.